SHITTA BEY: ỌMỌ TÍ A BÍ SÍ SÀRÓ, TÍ Ó KỌ́ ILÉ ỌLỌ́RUN SÍ ÈKÓ

 

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó kọjá, bí a ti kírun tán tí mo ń wá bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ìyá kan tí ń ta aṣọ ní Bàlógun pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo ní kí ó dìde, mo sì béèrè ohun tí ó dé. Ó ní ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ òun ni. Ìlú òyìnbó ni wọ́n bí ọmọ náà sí, ó sì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá kí bàbá rẹ̀ tó mú un wá sílé. Ní ilé kéwú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ahọ́n rẹ̀ kò gba háràfí. Ní ilé ìwé, wọ́n ń bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ fi kéwú ṣe. Ní àdúgbò, bí ó bá la ẹnu sọ Yorùbá, àwọn ọmọ a bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ti wá dákẹ́ báyìí, kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá náà wá bi mí pé èwo ni kí òun mú un kúrò níbẹ̀ nínú méjèèjì, ilé kéwú ni tàbí ilé ìwé, kí ọmọ òun lè rí ibì kan pè ní tirẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí ó fún mi di Jímọ̀ tí ń bọ̀. Ohun tí ó fà á ni pé ìbéèrè rẹ̀ dùn mí, nítorí pé èmi náà ti wà níbẹ̀ rí. Ìsàlẹ̀ Èkó ni a gbé bí mi. Láti ìdájí ni a ti ń jókòó lórí ẹní ní ilé kéwú, wàláà lórí itan, bí oòrùn bá sì ti yọ, a ó gbé àpò ìwé, a ó sáré lọ sí ilé ìwé. Mo rántí ọjọ́ tí tíṣà kan nà mí nítorí pé tàdáwà dúdú wà ní ìka ọwọ́ mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni àlùfáà mi rí pẹ́ńsù nínú fìlà mi, tí òun náà sì na tirẹ̀ lé e, ó ní mo fẹ́ di òyìnbó. Nígbà tí mo jókòó ní Fọ́ọ̀mù Kẹta, mo fi ilé ìwé sílẹ̀, mo sì gbájú mọ́ kéwú. Olúwa fi oore sí i fún mi, n kò kábàámọ̀ kéwú. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí ìwé ìjọba bá dé ọwọ́ mi, tí mo ní láti pe ọmọ ẹlòmíràn kí ó wá kà á fún mi dáadáa, mo máa ń rántí pàṣán méjèèjì.

Nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ ìyá náà, ẹsẹ̀ mi gbé mi gba òpópó Martins. Ẹni tí ó bá ti ná ọjà ní Bàlógun tàbí Ẹréko yóò ti rí mọ́ṣáláṣí tí mo fẹ́ wí. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni ń kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú ẹrù lórí, bẹ́ẹ̀ ni díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ ìtàn ẹni tí ó kọ́ ọ. Mo dúró wò ó, mo sì sọ nínú ọkàn mi pé onílé yìí gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè ìyá aláṣọ. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ wo ìgbésí ayé Muhammadu Shitta, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Shitta Bey, tí àwọn ará Èkó sì sọ ní Olówó Pupa.

Ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n bí i sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún náà ni ogun ń tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká, tí a ń kó ènìyàn lọ sí etí òkun, tí a sì ń tà wọ́n bí ẹní ta ewúrẹ́. Láti ọdún 1807 ni Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú, ọkọ̀ ogun wọn a sì máa lé ọkọ̀ olówò ẹrú lójú omi. Àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀, Freetown ní Sàró ni wọ́n ń kó wọn lọ. Báyìí ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ṣe bá ara wọn ní ilẹ̀ àjèjì, láìsí ìlú, láìsí ìdílé, pẹ̀lú ìdè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lẹ́sẹ̀ wọn. Nítorí kíkí wa tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ẹ kú, àwọn ará ibẹ̀ sọ wọ́n ní Àkú. Nínú abúlé Waterloo, tí kò jìnnà sí Freetown, ni a ti bí Muhammadu ní nǹkan bí ọdún 1824. Salu ni orúkọ bàbá rẹ̀, Mùsùlùmí òdodo ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo irú ibi tí ọmọ yìí ti ń dàgbà. Ìjọba ti fa àwọn abúlé wọ̀nyí lé àwọn oníwàásù òyìnbó lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ó wà láàárín abúlé, ilé ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, agogo ni ó sì ń pe gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá gba ìrìbọmi, tí ó gba orúkọ òyìnbó, tí ó wọ aṣọ òyìnbó, a sọ fún un pé ó ti di ọmọlúwàbí. Àwọn Mùsùlùmí tí ó wà láàárín Àkú kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó tú wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìdè ẹsẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì tú, Ọlọ́run ni ó ni ọkàn. Wọ́n ń kírun, wọ́n ń wọ ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń bá àwọn àlùfáà Fúlàní àti Màdíǹgò kẹ́kọ̀ọ́. Nínú ilé, Yorùbá ni ọmọ ń gbọ́. Lórí ẹní kéwú, Lárúbáwá ni. Bí ó bá sì jáde sí ìta, Kíríò tí gbogbo Freetown ń sọ ni ó máa pàdé. Ahọ́n mẹ́ta ní ẹnu ọmọ kan.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn fi di ọ̀rọ̀ ìjọba. Ní ọdún 1831, nígbà tí Muhammadu jẹ́ ọmọ ọdún méje, bàbá rẹ̀ kó ilé rẹ̀ kúrò ní Waterloo, wọ́n lọ sí Fourah Bay ní Freetown, níbi tí àwọn Àkú Mùsùlùmí ti ń kóra jọ, Salu sì di Lèmọ́mù wọn níbẹ̀. Ní ọdún kejì, ní 1832, àwọn Àkú Mùsùlùmí kan tí ara kò rọ̀ lábẹ́ ìjọba kúrò ní abúlé wọn, wọ́n lọ tẹ̀dó sí Cobolo, létí odò Ribbi. Ìjọba ní ọ̀tẹ̀ ni wọ́n ń gbìmọ̀, ó rán ọmọ ogun sí wọn, ẹ̀jẹ̀ sì ta sílẹ̀. Àwọn tí ọwọ́ tẹ̀ ni a kó wá sí ilé ẹjọ́ pé wọ́n ṣọ̀tẹ̀ sí Ọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ṣẹ̀ tí ikú ni èrè rẹ̀. Amòfin kan tí ń jẹ́ William Henry Savage ni ó dìde gbèjà wọn, ilé ẹjọ́ sì dá wọn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ní ọdún 1839, a wó mọ́ṣáláṣí àwọn Mùsùlùmí tí ó wà ní Fourah Bay. Gómìnà ìgbà náà, Doherty, tilẹ̀ fẹ́ kí a lé wọn kúrò nílẹ̀ náà pátápátá, àfi bí àwọn àgbà ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù ti kọ̀ fún un. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Muhammadu nígbà náà. Ilé tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣíwájú àwọn ènìyàn nínú ìrun ni a wó lulẹ̀. Èmi tí a nà nítorí tàdáwà, mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bínú. Mélòómélòó ni ọmọ tí a wó mọ́ṣáláṣí bàbá rẹ̀ níṣojú ayé?

Ẹ fi ọdún yẹn, 1839, sọ́kàn, ẹ̀yin ará. A ó padà dé ibẹ̀.

Ní ọdún 1844, Salu kó ìdílé rẹ̀ bọ̀ sí ilẹ̀ baba wọn. Àkókò náà ni ọ̀pọ̀ Àkú ń wọkọ̀ padà wálé, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Àgbádárìgì ni ìdílé Shitta gúnlẹ̀ sí. Ọmọ ogún ọdún ni Muhammadu. Wò ó bí ayé ti rí: ní Freetown, wọ́n ń pè é ní Àkú, ìyẹn ni pé ará ilẹ̀ Yorùbá ni, nígbà tí ó dé ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n pè é ní Sàró, ìyẹn ni pé ará Freetown ni. Ibi tí ó bá ti wá ni a fi ń pè é, a kì í fi ibi tí ó wà pè é. Ìyá aláṣọ, bí o bá ń ka ìwé ìròyìn yìí, ṣé o rí i pé ọmọ-ọmọ rẹ kọ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ irú ìyà yìí?

Àgbádárìgì náà kò ní ìsinmi. Ìjà oyè tí ó wà láàárín Ọba Akítóyè àti Kòsọ́kọ́ ní Èkó ti tàn dé ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni Akítóyè sá wá nígbà tí Kòsọ́kọ́ lé e kúrò lórí oyè. Àwọn oníwàásù òyìnbó wà níbẹ̀, àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ń wọlé wọ̀de, àwọn olówò ẹrú kò sì tíì fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Salu ń bá iṣẹ́ Lèmọ́mù rẹ̀ lọ láàárín wọn títí Ọlọ́run fi pè é ní ọdún 1849. Muhammadu di ẹni tí kò ní bàbá mọ́ ní ìlú tí ogun ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé lórí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó. Ilé jó, ènìyàn kú, Kòsọ́kọ́ sì sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó mọ èyí tí ó jẹ mọ́ wa níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ Mùsùlùmí ni Kòsọ́kọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Mùsùlùmí Èkó ni ó sì bá a lọ. Àwọn ni ó di Èkó Ẹ̀pẹ́ títí di òní. Akítóyè padà sórí oyè nínú ààfin Ìdúngánràn pẹ̀lú agbára Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ó sì wàjà ní 1853, ọmọ rẹ̀ Dòsùnmú ni ó jọba.

Ọdún 1853 yìí kan náà ni Muhammadu Shitta wọ Èkó. Ẹ wo àárín tí ó bọ́ sí. Sàró ni, àwọn ará Èkó sì ń wo àwọn Sàró bí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó tẹ̀lé ìbọn wọlé. Mùsùlùmí ni, àwọn Sàró tí ó pọ̀ jù sì jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tí wọ́n jọ ń kírun ń ṣọ̀fọ̀ ará wọn tí ó ti bá Kòsọ́kọ́ lọ. Àwọn tí wọ́n jọ wọkọ̀ bọ̀ láti Freetown ń dúpẹ́ pé Kòsọ́kọ́ lọ. Nígbà tí ó di oṣù Kẹjọ ọdún 1861, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tún dúró lórí ọ̀sà títí Ọba Dòsùnmú fi fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì, inú ìlú tún gbóná. Ọdún kejì ni Kòsọ́kọ́ gba àṣẹ padà wálé.

Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lè yan ọ̀nà méjì tí ó rọrùn. Ó lè gbé ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ jù sílẹ̀, kí ó gba orúkọ òyìnbó, kí ìjọba fà á mọ́ra. Ó sì lè sọ pé ohun tí ó bá ti jẹ́ ti òyìnbó, kí a jù ú sínú ọ̀sà, nítorí mọ́ṣáláṣí tí a wó. Shitta kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó dúró ti ìrun rẹ̀, ó sì dojú kọ òwò.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Obì, awọ ẹran, ẹ̀gúsí, oje igi àti aṣọ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí rà, tí ó sì ń tà. Ní ọdún 1864, ó gbé òwò rẹ̀ dé Odò Ọya, ó fi àbúrò rẹ̀ Yusufu sílẹ̀ kí ó máa bójú tó ìsọ̀ tí ó wà ní Èkó. Ní òkè lọ́hùn-ún, lágbègbè àwọn Tápà tí Bídà jẹ́ olórí ìlú wọn, Mùsùlùmí ni ọba, Mùsùlùmí ni ìjòyè. Ní etí òkun, òyìnbó ni ó ni ọkọ̀, òun ni ó sì ń ra ọjà. Ẹni tí ó bá lè bá ọba Tápà jókòó gẹ́gẹ́ bí arákùnrin nínú ẹ̀sìn, tí ó tún lè bá oníṣòwò òyìnbó sọ̀rọ̀ kí ó sì yé e, ẹni náà ni ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí a fi ń bú u nígbà èwe, pé kò jẹ́ ti ibí, kò jẹ́ ti ọ̀hún, òun náà ni Ọlọ́run sọ di ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di Olówó Pupa.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun kan tí ó máa ń dùn mọ́ èmi tí mo kọ́ kéwú. Nínú Lárúbáwá, ìgbà òtútù ni ṣítà túmọ̀ sí. Nínú Súrà Kùràíṣì, tí àwọn ọmọ kékeré pàápàá mọ̀, ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, níbi tí Ọlọ́run ti rán àwọn ará Mákà létí ìrìn àjò òwò wọn nígbà òtútù àti nígbà ooru, tí Ó sì ní kí wọ́n sin Olúwa ilé tí ó wà láàárín wọn. Òwò, ìrìn àjò, àti ilé Ọlọ́run: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó para pọ̀ jẹ́ ìgbésí ayé ọkùnrin yìí.

Òwò Odò Ọya kò rọrùn títí lọ. Ní 1886 ni Ọba Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì fún ilé iṣẹ́ òyìnbó kan ní àṣẹ lórí odò náà, ọ̀pọ̀ oníṣòwò dúdú sì rí i pé a ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn sóde. Ṣùgbọ́n Shitta ti ní ohun tí ó tó, ọkàn rẹ̀ sì ti wà níbòmíràn. Ó ti ń na owó rẹ̀ sí ọ̀nà ẹ̀sìn, àwọn Mùsùlùmí Fourah Bay tí ó ti wá sì jẹ nínú rẹ̀. Èkó ni ó wá fẹ́ kọ́ ilé Ọlọ́run sí, kì í ṣe ilé amọ̀ àti koríko, bí kò ṣe ilé tí ojú yóò rí tí yóò yanu.

Ta ni ó gbé iṣẹ́ náà fún? Ọmọ Àgùdà ni, João Baptista da Costa, ọ̀gá bíríkìlà tí ó bọ̀ láti ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ẹ mọ̀ pé àwọn Àgùdà náà, ọmọ ẹrú tí ó padà wálé ni wọ́n, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ìjọ Páàdì. Ọmọ Yorùbá kan, Sanusi Aka, ni ó bá a ṣiṣẹ́ náà. Nítorí náà, bí ẹ bá wo mọ́ṣáláṣí yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ tí a kọ́ ní oko ẹrú Bùràsíìlì ni ẹ ń wò, tí owó ọmọ tí a bí sí Sàró san, tí a fi kọ́ ilé ìrun fún Mùsùlùmí Èkó. Àwọn tí a tà bí ẹran ni ọmọ wọn padà wá fi ohun tí wọ́n kọ́ lóko ẹrú sin Ọlọ́run.

Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1894 ni a ṣí i. Èkó kò tíì rí irú rẹ̀ rí láàárín Mùsùlùmí. Ọba Oyèkàn Kìíní wà níbẹ̀. Edward Wilmot Blyden, ọ̀mọ̀wé dúdú tí a bí ní erékùṣù òkè òkun, tí ó jẹ́ pásítọ̀ ṣùgbọ́n tí ó kọ̀wé yin Ìsìláàmù, wà níbẹ̀. Abdullah Quilliam, amòfin ará Liverpool tí ó gba Ìsìláàmù ní 1887, ni ó ṣojú fún Súlútáànì Abdul Hamid ti ilẹ̀ Tọ́kì. Ó mú àmì ẹ̀yẹ Mejidiye, ti ipele kẹta, wá fún Shitta, àti oyè Bey tí ó di orúkọ ìdílé rẹ̀ títí di òní. Lẹ́tà Súlútáànì tí a kà níbẹ̀ sì gba àwọn Mùsùlùmí Èkó níyànjú pé kí wọ́n fi ọmọ wọn sí ẹ̀kọ́ ìgbàlódé, láìfi ẹ̀sìn wọn sílẹ̀.

Ta ni ó wá ṣe alága ayẹyẹ náà? Gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ni, Sir Gilbert Carter. Ibí ni mo ti fẹ́ kí a padà sí ọdún 1839. Lábẹ́ Gómìnà Gẹ̀ẹ́sì kan ni a wó mọ́ṣáláṣí tí ó wà ní Fourah Bay, tí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fi ojú rẹ̀ rí ilé ìrun bàbá rẹ̀ nílẹ̀. Ọdún márùndínlọ́gọ́ta lẹ́yìn náà, Gómìnà Gẹ̀ẹ́sì mìíràn ni ó wọ aṣọ ayẹyẹ, tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá ọmọ kan náà, tí irun rẹ̀ ti funfun, yọ̀ pé ó kọ́ mọ́ṣáláṣí. Shitta kò gbé idà. Kò sì tẹrí ba títí ó fi gbàgbé orúkọ rẹ̀. Ó gbé ìgbésí ayé rẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, títí agbára tí ó wó ilé àkọ́kọ́ fi wá dúró ní ẹnu ọ̀nà èkejì.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń yin Carter. Òun kan náà ni ó rán ogun lọ sí Ìjẹ̀bú ní ọdún 1892, ọdún méjì ṣáájú ayẹyẹ yìí, ọgbẹ́ náà kò sì tíì jinná lọ́kàn àwọn ènìyàn wa. Mo mọ̀ pé ìjọba tí ó ń rẹ́rìn-ín sí Mùsùlùmí Èkó ní ìdí tirẹ̀. Ìwà onílé ni mo ń sọ, kì í ṣe ti àlejò. Ọmọlúwàbí a máa gba àlejò, bí ó tilẹ̀ mọ ohun tí ìran àlejò náà ti ṣe.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú lẹ́tà náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn bàbá wa ní Èkó kò fẹ́ ilé ìwé òyìnbó, ẹ má sì bá wọn wí jù. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilé ìwé ayé ọjọ́un. Ọmọ tí a fi sílẹ̀ ní Sùlé a máa padà wálé ní Samuel. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba àti ti ilé iṣẹ́ òyìnbó, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ ìwé ni ó ń lọ, ọmọ Mùsùlùmí sì ń dúró sẹ́yìn. Lẹ́yìn ayẹyẹ mọ́ṣáláṣí náà ni ọ̀nà àárín là: ní ọdún 1896, ìjọba ṣí ilé ìwé fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó, níbi tí a ti ń kọ́ ìwé Gẹ̀ẹ́sì, tí kéwú kò sì di ohun ìtìjú. Idris Animashaun, Mùsùlùmí, ni ó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́.

Shitta Bey kò fi ojú rí ilé ìwé náà. Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1895, ọdún kan géérégé sí ọjọ́ tí a ṣí mọ́ṣáláṣí rẹ̀, ni ó papò dà. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, kí Ó fi ojú àánú wo gbogbo àṣìṣe rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí náà wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ní ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ kà á mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè tí a kò gbọdọ̀ bà jẹ́.

Nísinsìnyí, mo ti ní ìdáhùn fún ìyá aláṣọ. Ìyá mi, má ṣe yọ ọmọ náà kúrò nínú èyíkéyìí. Bí o bá yọ ọ́ kúrò ní ilé kéwú, yóò dàgbà tán, kò ní mọ ẹni tí ó ń jẹ́. Bí o bá yọ ọ́ kúrò ní ilé ìwé, yóò dà bí èmi, tí ń wá ẹni tí yóò ka ìwé fún un. Ohun tí o máa ṣe nìyí. Ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí ọjà bá dẹ̀ díẹ̀, di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ẹ rìn láti ìsọ̀ rẹ lọ sí òpópó Martins. Jẹ́ kí ó wo ilé náà láti òkè dé ilẹ̀. Sọ fún un pé ẹni tí ó kọ́ ọ, wọ́n pè é ní àlejò ní ìlú tí a bí i sí, wọ́n sì pè é ní àlejò ní ìlú baba rẹ̀. Sọ fún un pé kò dákẹ́. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí ó ka orúkọ tí ó bá rí lára ògiri fún ọ, ní èdè èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin àlùfáà ẹgbẹ́ mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín. Bí ẹ bá rí pẹ́ńsù nínú fìlà ọmọ kéwú, ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tíṣà, bí ẹ bá rí tàdáwà ní ìka ọmọ, iṣẹ́ ni ó ti ibẹ̀ dé.

Kí Ọlọ́run Ọba bá wa wo àwọn ọmọ wa, kí Ó fún wọn ní ìmọ̀ tí ó wúlò, kí Ó sì jẹ́ kí ohun tí ayé fi ń bú wọn di ohun tí ayé yóò fi máa yìn wọ́n. Àmín.